Afárá tí a fi ń wo ẹ́ríà

Ní ṣọ́ọ̀bù tí mo ti kọ́ṣẹ́ rédíò ní Kàbà, agolo mílíìkì kan wà lórí tábìlì ọ̀gá mi tí ọmọṣẹ́ kankan kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn. Rẹ́sítọ̀ mẹ́ta, ohun tó ń dí iná lọ́nà, ló wà nínú rẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan 50 ohm (ohm ni a fi ń wọn ìdínà náà), pẹ̀lú dáyóòdù kan, tó ń jẹ́ kí iná gba ọ̀nà kan ṣoṣo, àti mítà alábẹ́rẹ́. Ààyè kẹrin ṣófo, ibẹ̀ ni wáyà ẹ́ríà, èyí tí rédíò fi ń ránṣẹ́ sáfẹ́fẹ́, ń wọ̀, ká lè mọ̀ bóyá ó bá rédíò mu.

Afárá Wheatstone ni ìwé ń pè é. Wheatstone kọ́ ló kọ́kọ́ ṣe é o. Samuel Hunter Christie, tó ń kọ́ àwọn ọmọ ológun ní ìṣirò ní Woolwich ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló kọ ọ́ sílẹ̀ ní 1833, nígbà tó ń wò ó bí iná ṣe ń gba inú irin oríṣiríṣi kọjá. Ní 1843 ni Charles Wheatstone gbé e jáde, ó sì sọ pé Christie ló ni ín. Àwọn èèyàn kò gbọ́ ìyẹn.

Afárá yìí ń fi nǹkan wé nǹkan ni. Iná pín bí odò sí ọ̀nà méjì, mítà wà láàárín. Bí méjèèjì bá dọ́gba, kò sí èyí tí yóò ṣàn sọ́dọ̀ èkejì, abẹ́rẹ́ á sùn sí òdo. Bátìrì ni Wheatstone lò. Àwọn oní-rédíò fi iná tí rédíò ń tú jáde rọ́pò rẹ̀, wọ́n sì fi dáyóòdù sẹ́nu mítà, torí ìgbì rédíò ń lọ ń bọ̀ yára ju ohun tí abẹ́rẹ́ lè bá rìn.

A kọ́kọ́ yọ ẹ́ríà, a tún mítà ṣe títí abẹ́rẹ́ fi kan òpin, ká tó so ó padà. Bó bá dúró sí ìdajì, SWR, ìyẹn òṣùwọ̀n bí ẹ́ríà ṣe bá rédíò mu tó (1 ló dára jù), jẹ́ 3. Ìdá kan nínú mẹ́ta, 2 ni. Ẹ́ríà 25 ohm àti ti 100 ohm, ibì kan náà ni wọ́n ń gbé abẹ́rẹ́ dé! Ẹni tó bá fẹ́ dá wọn mọ̀ á fi rẹ́sítọ̀ tó ṣeé yí rọ́pò ọ̀kan nínú ti inú agolo, á máa yí i títí abẹ́rẹ́ á fi sùn. Bí kò bá sùn délẹ̀ rárá, ẹ́ríà gùn jù tàbí ó kúrú jù.

Ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin agbára ni àwọn rẹ́sítọ̀ ń jẹ, kódà bí ẹ́ríà bá pé. Lọ́jọ́ kan mo gbàgbé, mo fi rédíò 50 watt, tó lágbára ju ohun tí wọ́n lè gbé, tẹ̀ ẹ́. Èéfín ni mo kọ́kọ́ rí. Ọ̀gá ti ọjà dé, ó kí mi pé, “Ọ̀kun o,” ó fa imú.

“Mélòó ló jó?”

“Méjì, sà.”

Ó ní kí n ki irin sódà bọná.