Ọwọ́ Kan, Iṣẹ́ Mẹ́rin: Bí Àkàndá Ẹ̀dá Ṣe Ń Gbé Bàálù Balẹ̀

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan kọ̀wé sí mi láti Ìbàdàn. Àrùn rọpárọsẹ̀ ló mú un ní ẹsẹ̀ òsì nígbà tó wà ní kékeré, ọ̀pá ló fi ń rìn dòní. Ó ní ó ti pẹ́ tí òun ti ń fẹ́ wa bàálù, ó sì ti gbọ́ pé àwọn kan wà lókè òkun tí wọn ò lẹ́sẹ̀ tí wọ́n ń wà á. Ìbéèrè rẹ̀ ò gùn: "Ẹ̀gbọ́n, tó bá di pé kí wọ́n balẹ̀ ńkọ́? Ṣé ibẹ̀ kọ́ ni wàhálà wà?"

Ibẹ̀ ni. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni mo ti ń kọ́ni ní wíwa bàálù kékeré, mo sì ti jókòó ti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó jẹ́ pé orí àga oníkẹ̀kẹ́ ni wọ́n ti ń bọ́ sínú bàálù. Ìbalẹ̀ ló ń gba òógùn lára wa jù. Nínú jàǹbá tó ń ṣe bàálù kékeré, èyí tó ń ṣẹlẹ̀ nígbà ìbalẹ̀ ló pọ̀ jù. Ìtùnú tó wà níbẹ̀ ni pé kì í sábà mú ẹ̀mí lọ. Irin ló ń tẹ̀, owó ló ń lọ. Ṣùgbọ́n bí awakọ̀ tí kò lẹ́sẹ̀ bá fọ́ bàálù, kíá ni àwọn èèyàn á ní ẹsẹ̀ ló fà á. Ó máa ń dùn mí, torí lọ́pọ̀ ìgbà, eré àsápajúdé ni, tàbí ìpinnu tó pẹ́ kó tó wáyé.

Bàálù tí a fi ń kọ́ni lọ́dọ̀ wa ni Piper PA-28. Tó bá ń bọ̀ wálẹ̀, eré rẹ̀ á wà ní nǹkan bíi 65 sí 70 knots, ìyẹn nǹkan bíi 120 sí 130 kìlómítà ní wákàtí kan. Tó bá ti sún mọ́ ilẹ̀ tó ìwọ̀n òrùlé ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, awakọ̀ á dín agbára ẹ́ńjìnnì kù, á máa fa sítíárìn sí àyà díẹ̀díẹ̀ kí imú bàálù lè gbé sókè, kí eré máa kú lọ, kí táyà méjì tó wà lábẹ́ apá kọ́kọ́ kanlẹ̀, kí ti imú tó tẹ̀ lé e. Bí eré bá ti kú jù kó tó dé ilẹ̀, apá ò ní lè gbé bàálù dúró mọ́, á já lulẹ̀ bí òkò. Bí eré bá pọ̀ jù, bàálù á kọ̀, kò ní balẹ̀. Á máa léfòó lókè ilẹ̀, ọ̀nà á sì máa tán lọ níwájú rẹ̀. Bí eré bá fi ìdá kan nínú mẹ́wàá lé, agbára tí búréèkì ní láti pa kó tó dúró á fi ohun tó lé ní ìdá kan nínú márùn-ún pọ̀ sí i.

Àṣìṣe tí awakọ̀ tí eré ti pọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ máa ń ṣe ni pé á fi tipátipá ti imú bàálù wálẹ̀. Táyà imú á kọ́kọ́ gbálẹ̀, bàálù á ta padà sókè bíi bọ́ọ̀lù. Ẹ̀rù á bà á, á tún tì í wálẹ̀. Ìtasókè kejì á ga ju ti àkọ́kọ́ lọ. Nígbà tó bá fi máa di ẹ̀ẹ̀kẹta, ẹsẹ̀ táyà imú lè kán, kí abẹ̀bẹ̀ tó ń yí ní imú bàálù sì gbálẹ̀; bí abẹ̀bẹ̀ bá ti gbálẹ̀, àfi kí wọ́n tú ẹ́ńjìnnì palẹ̀ kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹlẹ́sẹ̀ méjì tí ara rẹ̀ le koko ni mo rí tó ṣe bẹ́ẹ̀. Oògùn tó dájú jù fún un ni pé kí o fún ẹ́ńjìnnì ní gbogbo agbára rẹ̀, kí o tún gbéra, kí o lọ yípo wá.

Kí wá ni iṣẹ́ ẹsẹ̀? Pẹ́dà méjì ló wà nílẹ̀. Àwọn ló ń darí rudder, irin pẹlẹbẹ tó dúró lóòró ní ìrù, tó ń yí imú bàálù sọ́tùn-ún sósì. Bí atẹ́gùn bá ń fẹ́ láti ẹ̀gbẹ́, pẹ́dà la fi ń mú kí imú kọjú sí ọ̀nà gbọọrọ. Ní PA-28, pẹ́dà yìí kan náà ló ń yí táyà imú. Nítorí náà, bí táyà imú bá kanlẹ̀ nígbà tí pẹ́dà ṣì wà ní títẹ̀, bàálù á ṣàdédé já sí ẹ̀gbẹ́.

Fún ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ò ṣiṣẹ́, a máa ń de ọ̀pá irin kan mọ́ pẹ́dà. Tó bá tì í síwájú, imú á yà sápá kan. Tó bá fà á padà, á yà sápá kejì. Búréèkì ò ṣòro, torí PA-28 ní èyí tí a ń fi ọwọ́ fà lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù. Ṣùgbọ́n ẹ bá mi ka iṣẹ́ tó já lé ọwọ́ ọ̀tún. Ọwọ́ òsì ò gbọ́dọ̀ fi sítíárìn sílẹ̀. Ọwọ́ ọ̀tún ló ni ọ̀pá rudder. Òun ló ni throttle, tí a fi ń fún ẹ́ńjìnnì lágbára. Òun ló ni ọ̀pá flaps, ìyẹn irin ẹ̀yìn apá tí a ń rẹ̀ sílẹ̀ kí bàálù lè rọra balẹ̀; ọ̀pá náà wà láàárín ìjókòó méjèèjì bíi búréèkì ọwọ́ inú mọ́tò. Òun náà ló tún ni búréèkì.

Akẹ́kọ̀ọ́ mi kan wà tí jàǹbá alùpùpù gba ẹsẹ̀ méjèèjì lọ́wọ́ rẹ̀. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, atẹ́gùn ń fẹ́ láti òsì, ó gbé bàálù balẹ̀, bàálù ta. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ wà lórí ọ̀pá rudder. Mo rí i tí ìka rẹ̀ ṣí kúrò níbẹ̀, tó ń wá throttle lọ, tó wá dúró sáàárín, kò sí lórí èyí, kò sí lórí ìyẹn. Kò ju ìṣẹ́jú àáyá kan lọ. Mo ní, "Ó di ọwọ́ mi," mo ti throttle wọlé tán, mo tẹ pẹ́dà ọ̀tún, a gbéra.

Tèmi ló pọ̀ jù nínú ẹ̀bi yẹn. Àsìkò ìpinnu ẹlẹ́sẹ̀ ni mo fi kọ́ ọ. Ẹlẹ́sẹ̀ lè dúró dìgbà tí bàálù bá ta kó tó pinnu, torí bí ọwọ́ rẹ̀ ṣe ń ti throttle, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti wà lórí pẹ́dà. Bí a bá sì ti fún ẹ́ńjìnnì PA-28 lágbára lójijì, òsì ni imú rẹ̀ ń yà sí, àfi kí rudder dá a padà. Ẹni tó ń fi ọwọ́ kan ṣe méjèèjì ní láti lọ sórí throttle kó sì tún padà sórí ọ̀pá. Láti ọjọ́ náà, òfin wa ni pé tó bá fi máa ku 300 ẹsẹ̀ bàtà sí ilẹ̀, a ti ṣe flaps tán, eré ti pé, imú ti tọ́. Bí ọ̀kan bá yẹ̀, a ò bá a jiyàn, a lọ yípo nígbà tí a ṣì wà lókè tó láti fi ṣe é. Lẹ́yìn náà ni mo ní kó dijú nínú bàálù tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà ní pípa: throttle, ọ̀pá, throttle, ọ̀pá, títí ọwọ́ fi mọ ọ̀nà fúnra rẹ̀.

Ẹ wo Douglas Bader, awakọ̀ bàálù ogun ọmọ Gẹ̀ẹ́sì. Ní December 14, 1931, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì pé nígbà tó ń fi bàálù Bristol Bulldog dárà nítòsí ilẹ̀ ní Woodley, lẹ́bàá Reading. Etí apá òsì kan ilẹ̀. Wọ́n gé ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ lókè orúnkún, wọ́n gé òsì nísàlẹ̀ orúnkún. Ọmọ ọdún 21 ni. Iléeṣẹ́ ológun òfuurufú yọ ọ́ lẹ́nu iṣẹ́ ní 1933, àfìgbà tí ogun dé ní 1939 kí wọ́n tó gbà á padà. Àwọn bàálù ogun Gẹ̀ẹ́sì tó wà nígbà náà, bíi Spitfire, ọwọ́ ni wọ́n fi ń fún búréèkì wọn lórí ọ̀pá ìdarí, èyí sì ràn án lọ́wọ́ gan-an. Ní 1940, ní Duxford, ó tún fọ́ Spitfire kan bó ṣe fẹ́ gbéra: ó gbàgbé láti yí abẹ̀bẹ̀ sí ipò tó yẹ fún ìgbéra. Ẹ fi ìjàǹbá méjèèjì wéra. Ẹsẹ̀ ò mọ nǹkan kan nípa èyíkéyìí nínú wọn.

Nígbà míì, bàálù ló yẹ ká pààrọ̀. Jessica Cox, ará Arizona ní Amẹ́ríkà, kò ní apá látìgbà tí wọ́n ti bí i. Ó gba ìwé àṣẹ awakọ̀ ní 2008. Ercoupe ló ń wà, bàálù tí Fred Weick ṣe láwọn ọdún 1930 tó ń parí lọ. Ercoupe ò ní pẹ́dà rudder rárá. Wọ́n ti so rudder pọ̀ mọ́ sítíárìn. Ẹsẹ̀ kan lórí sítíárìn, ẹsẹ̀ kejì lórí throttle, iṣẹ́ bùṣe. Bí atẹ́gùn bá ń ti ẹ̀gbẹ́ fẹ́, wọ́n á gbé e balẹ̀ pẹ̀lú imú tó ya díẹ̀, táyà fúnra wọn á sì tún un ṣe. Wiley Post, awakọ̀ ará Amẹ́ríkà tí kò ní ojú òsì ńkọ́? Òun nìkan ló wà nínú bàálù tó fi yí ayé po ní 1933, ó sì ń balẹ̀ lójú ọ̀nà.

Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ju ìbalẹ̀ fúnra rẹ̀ ni ohun tó ń bọ̀ lẹ́yìn ìbalẹ̀ burúkú. Ilẹ̀kùn kan ṣoṣo ni PA-28 ní, ọwọ́ ọ̀tún ló wà, lókè apá. Ẹni tí kò lè gbé ẹsẹ̀, tó jókòó sósì, ní láti fi ọwọ́ wọ́ ara rẹ̀ kọjá ìjókòó kejì. Nítorí náà, a máa ń fi dánrawò nílẹ̀: pa epo, pa iná, ṣí ilẹ̀kùn, jáde, aago wà lọ́wọ́ mi. Kí a tó gbéra, mo máa ń tẹ̀ síwájú wo okùn tí a fi de ẹsẹ̀ wọn. Ẹsẹ̀ tí kò mọ ara lè yọ̀ lọ há sí abẹ́ pẹ́dà kí ẹni tó ni ín má mọ̀ rárá, tàbí kí iṣan fà á kó ta pẹ́dà nípàá.

Níbí nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹgbẹ́ Aerobility tó wà ní pápákọ̀ òfuurufú Blackbushe ti ń ṣe iṣẹ́ yìí láti 1993. Ní Amẹ́ríkà, Able Flight ló ń fún àkàndá ẹ̀dá ní ẹ̀kọ́-ọ̀fẹ́, Yunifásítì Purdue sì ń bá wọn kọ́ni.

Àbúrò mi, ẹsẹ̀ kan lo ní tó dá ṣáṣá, ó ṣeé ṣe kó o má nílò ọ̀pá rudder kankan. Má tíì san owó ilé ẹ̀kọ́. Dókítà tí NCAA, àjọ tó ń bójú tó ìrìnnà òfuurufú ní Nàìjíríà, fọwọ́ sí ni kó o kọ́kọ́ lọ bá, kó yẹ̀ ọ́ wò. Lẹ́yìn náà, bẹ olùkọ́ kan kó jẹ́ kó o jókòó sínú bàálù tí wọn ò tíì tan ẹ́ńjìnnì rẹ̀. Fi ẹsẹ̀ òsì tẹ pẹ́dà òsì dé òpin, kó o sì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ síbẹ̀ fún ìṣẹ́jú kan gbáko, kí olùkọ́ máa wo aago. Kọ ohun tó bá ṣẹlẹ̀ ní orúnkún yẹn ránṣẹ́ sí mi.