Ojú kejì àwo ló gba iwájú: ìpilẹ̀ṣẹ̀ orin "Rock Around the Clock"

Àwa tí a ń ta gìtá lóde àríyá l'Óṣogbo mọ̀ ọ́n dáadáa: orin tí ẹgbẹ́ fi ọ̀sẹ̀ gbáko múra sílẹ̀ fún lè má gbé ẹnikẹ́ni dìde lórí àga, kí èyí tí a kàn fi dí àlàfo wá da agbo rú. Bẹ́ẹ̀ ni ti "Rock Around the Clock", orin rock and roll ilẹ̀ Amẹ́ríkà, rí.

Sonny Dae àti ẹgbẹ́ rẹ̀ ló kọ́kọ́ ká a sórí àwo. Ọjà ò gbà á. Bill Haley, olórin Amẹ́ríkà, ní tirẹ̀ ti ń kọ ọ́ lóde eré. Ní ọjọ́ 12 oṣù kẹrin ọdún 1954, òun àti ẹgbẹ́ rẹ̀, àwọn Comets, gbéra lọ sí New York láti ká orin fún Decca, ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe àwo orin. Ọkọ̀ ojú omi tí wọ́n wọ̀ há sórí yanrìn, wọ́n pẹ́ dé. Milt Gabler tó ń darí iṣẹ́ sì ní orin mìíràn lọ́kàn, "Thirteen Women", òun ló jẹ èyí tó pọ̀ jù nínú àkókò wọn. Ìgbà tí ilẹ̀ ti fẹ́ ṣú mọ́ wọn lọ́wọ́ ni wọ́n tó kan "Rock Around the Clock", ẹ̀ẹ̀mejì péré ni wọ́n sì rí i lù. Ti àkọ́kọ́, ìlù bo ohùn Haley mọ́lẹ̀. Ti ìkejì, wọ́n jẹ́ kí ohùn rẹ̀ yọ dáadáa, wọ́n wá pa méjèèjì pọ̀.

Gìtá àárín orin yẹn gan-an ló mú mi kọ èyí. Danny Cedrone ló ta á, wọ́n háyà á ni. Kò ráyè ro tuntun, ló bá fa èyí tó ti ta nínú "Rock the Joint" lọ́dún 1952 yọ: ó ń ṣá okùn léraléra, ó wá já wálẹ̀ láti ohùn òkè dé ìsàlẹ̀, kò fo ìkankan, bí ẹni tí ajá ń lé. Dọ́là 21 ni wọ́n san fún un. Lóde ayẹyẹ tiwa, ẹni tó bá ta irú ìyẹn, wọn á náwó fún un títí owó á fi bo bàtà rẹ̀. Oṣù kẹfà ọdún náà ni Cedrone ṣubú lórí àtẹ̀gùn, tó sì kú.

Decca fi "Thirteen Women" sí ojú kìíní àwo, "Rock Around the Clock" sí ojú kejì. Ó tà díẹ̀, ó rọlẹ̀. Fíìmù "Blackboard Jungle" ti 1955 ló jí ojú kejì dìde. Peter Ford, ọmọ Glenn Ford tó ṣe olú òṣèré, sọ pé inú àwo tòun nílé ni àwọn tó ṣe fíìmù náà ti gbọ́ ọ. Orin náà ló ṣí fíìmù, àwọn ọ̀dọ́ sì ń jó láàárín àga. Ní 9 oṣù keje, ó gba ipò kìíní fún ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ nínú àtẹ orin ìwé ìròyìn Billboard. Lọ́dún 1956, nígbà tí fíìmù tí wọ́n fi orúkọ orin náà sọ dé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn ọ̀dọ́ fa àga ya, àwọn ìlú kan sì fòfin de fíìmù náà.

Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi kan ṣì ń jiyàn pé Elvis ló kọ ọ́. Rárá o. Àmọ́ ẹ má fún Haley nìkan ní ìyìn orin náà: Gabler yìí kan náà ló ti ń ká orin fún Louis Jordan, aláwọ̀ dúdú, ní àwọn ọdún 1940, ìlù Jordan ló sì ń wá lọ́wọ́ àwọn Comets.