Ohun tí iye purotéènì ara àpò oúnjẹ ẹṣin kì í sọ

Ẹni tó bá ń tọ́jú ẹṣin n'Ìbàdàn sábà máa ń béèrè iye purotéènì tó wà nínú oúnjẹ kó tó rà á, ṣùgbọ́n ara ẹṣin kì í lo purotéènì bó ṣe wà. Inú ìfun tín-ín-rín ni ó ti ń tú u palẹ̀ sí àwọn èròjà kéékèèké tí à ń pè ní amino acid, ibẹ̀ náà sì ni ẹ̀jẹ̀ ti ń gbà wọ́n. Èyí tó bá ré kọjá dé ìfun ńlá di ti àwọn kòkòrò àìfojúrí, díẹ̀ kíún sì ni ẹṣin lè rí gbà padà lọ́wọ́ wọn. Màlúù tí ń jẹ àpọ̀jẹ kò rí bẹ́ẹ̀, nítorí pé inú àpòlúkù, kí oúnjẹ tó dé ìfun rárá, ni kòkòrò tirẹ̀ ń gbé, tí ó fi lè jẹ àwọn náà dà.

Nínú àwọn amino acid tí ẹṣin kò lè dá ṣe, lysine ló máa ń kọ́kọ́ wọ́n. Bíríkìlà tí búlọ́ọ̀kù kún àgbàlá rẹ̀, tí sìmẹ́ńtì rẹ̀ tán, kò lè mọ ògiri mọ́. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ara ṣe ń dáwọ́ kíkọ́ ẹran ara dúró bí lysine bá tán. Amino acid tó ṣẹ́ kù kò ṣeé fi pamọ́: ẹ̀dọ̀ a yọ nitrogen inú rẹ̀, ẹṣin a tọ̀ ọ́ dànù, òun ló sì ń di òórùn amóníà tí ń ta ni nímú nínú ilé ẹṣin.

Ẹṣin àgbà oníwọ̀n 500 kìlógíráàmù tí kì í ṣiṣẹ́ nílò nǹkan bíi 630 gíráàmù purotéènì àti 27 gíráàmù lysine lójúmọ́. Kìlógíráàmù àgbàdo kan ní lysine bíi gíráàmù 2 sí 3 péré. Kúlíkúlí ní bíi 15. Sóyà tí wọ́n ti fún òróró rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ ní ìlọ́po méjì ìyẹn, bẹ́ẹ̀ purotéènì àwọn méjèèjì kò jìnnà síra. Ó yẹ kí ẹni tó ń nájà ní Bódìjà fi èyí sọ́kàn gidigidi. Sóyà tí iná kò kàn, ẹ̀wẹ̀, ń dí purotéènì lọ́wọ́ láti dà, nítorí náà a gbọ́dọ̀ yan án.

Ìyẹ̀fun lysine tí wọ́n ń tà fún àfikún wúlò jù fún ọmọ ẹṣin, fún abo tí ń fọ́mọ lọ́mú, àti nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tí eèsún bá ti gbó. Gíráàmù 10 rẹ̀ sábà máa ń ní lysine bíi 7.8 nínú. Bí ìyẹn bá tó tán, threonine, amino acid mìíràn, ló sábà máa ń kàn. Ṣùgbọ́n bí oúnjẹ tí ń fúnni lágbára kò bá tó, ńṣe ni ara yóò máa sun amino acid bí igi ìdáná, àfikún èyíkéyìí kò sì ní kọ́ ẹran ara kankan.