Gígábáìtì Ò Sọ Bí Píánò Orí Kọ̀ǹpútà Ṣe Dáa Tó

Téèyàn bá fẹ́ mú píánò orí kọ̀ǹpútà, ìyẹn sọ́fítíwíà tó ń dún bíi píánò, ohun tí ọ̀pọ̀ kọ́kọ́ máa ń wò ni iye gígábáìtì tó gbà, wọ́n á ní eléyìí 5 GB, ìyẹn 70 GB, a jẹ́ pé ti 70 ló máa dún bíi píánò gidi. Irọ́ gbáà ni o, ó sì ti jẹ́ kí ọ̀pọ̀ èèyàn kún inú kọ̀ǹpútà wọn fọ́fọ́ lásán. Bí wọ́n ṣe ń fi í sórí kọ̀ǹpútà, bí wọ́n ṣe ń ṣí i, gbogbo ìyẹn ò le, ẹ jẹ́ ká fò ó. Ibi tí iṣẹ́ wà ni láàárín ìka àti etí.

Tí ìka bá tẹ kíì, kíbọ́ọ̀dù píánò tẹ́ ẹ so mọ́ kọ̀ǹpútà ò wọn agbára tẹ́ ẹ fi tẹ̀ ẹ́ o, àkókò ló ń wọ̀n. Sẹ́ńsọ̀ méjì, ó kéré tán, ló wà lábẹ́ kíì kọ̀ọ̀kan, bí kíì bá ṣe ń lọ sílẹ̀ á kọ́kọ́ kan ọ̀kan kó tó kan ìkejì, kíbọ́ọ̀dù á wá ka àkókò bíńtín tó wà láàárín méjèèjì. Tó bá kúrú, a jẹ́ pé ẹ gbá a mọ́lẹ̀ nìyẹn, tó bá gùn, ẹ rọra tẹ̀ ẹ́ ni. Á sọ ọ́ di nọ́ńbà kan láti 1 dé 127, òun ni wọ́n ń pè ní velocity, bí MIDI, ìyẹn èdè tí kíbọ́ọ̀dù fi ń bá kọ̀ǹpútà sọ̀rọ̀, tó jáde ní 1983, ṣe là á kalẹ̀ náà nìyẹn, a ṣì ń lò ó di òní. Àwọn kan máa ń sọ pé nọ́ńbà kan péré ti kéré jù, pé báwo ló ṣe fẹ́ gbé gbogbo ohun tí ìka ń ṣe. Àmọ́ ẹ wo inú píánò gidi: kí òòlù tó kan okùn, ó ti já kúrò lọ́wọ́ kíì, ó ń fò lọ fúnra ẹ̀ ni, ìka ò lè darí ẹ̀ mọ́. Ohun tó kù tó ṣe pàtàkì jù ni bó ṣe ń sáré tó. Àwọn tó ṣe MIDI gbọ́n gan-an níbẹ̀ yẹn.

Tí nọ́ńbà yẹn bá wá dé ọ̀dọ̀ sọ́fítíwíà, ọ̀nà pín sí méjì. Èyí tó wọ́pọ̀ jù ni sample, ó sì dà bíi kéèyàn máa ya fọ́tò ojú ẹnì kan. Wọ́n á gbé máìkì síwájú píánò gidi, wọ́n á rọra tẹ kíì kan, wọ́n á gbà á sílẹ̀, wọ́n á tẹ̀ ẹ́ le díẹ̀ sí i, wọ́n á tún gbà á sílẹ̀, títí dé ibi tó le jù, bíi fọ́tò ìgbà tójú ń rẹ́rìn-ín músẹ́ títí dé ìgbà tó bú sẹ́rìn-ín. Tí fọ́tò ò bá ju méjì mẹ́ta lọ, ojú á kàn máa fò látorí ọ̀kan sórí òmíì ni, ẹ ó gbọ́ ọ nínú orin pẹ̀lẹ́, nóòtì kan á rọ̀, èyí tó tẹ̀ lé e á ṣàdédé le. Salamander Grand Piano tó jẹ́ ọ̀fẹ́ ní ìpele 16, ìyẹn fọ́tò 16 fún kíì kọ̀ọ̀kan tí wọ́n gbà sílẹ̀, píánò Yamaha C5 ni wọ́n fi ṣe é, wọn ò tiẹ̀ gba gbogbo kíì sílẹ̀, ọ̀kan nínú mẹ́ta ni, sọ́fítíwíà ló ń fa ohùn ẹ̀ sókè sílẹ̀ fún àwọn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, síbẹ̀ ó ń dún dáadáa.

Ibo wá ni gígábáìtì ti ń wá? Ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹ̀. Ohùn sítẹ́ríò 24-bit ní 48 kHz ń gba bíi 17 MB ní ìṣẹ́jú kan. Ká ní nóòtì ìsàlẹ̀ kan dún fún ìdajì ìṣẹ́jú kó tó kú, MB mẹ́jọ àtààbọ̀ nìyẹn, lọ́nà ìpele 16, ó ti di bíi 138 MB fún kíì kan ṣoṣo. Tí wọ́n bá tún wá gbé máìkì síbi mẹ́ta, ó ti lé ní 400. Ẹ ṣáà rí i pé ojú kan náà ni wọ́n ya láti igun mẹ́ta, ẹ̀rín tó lè rín ò pọ̀ sí i. Keyscape, sọ́fítíwíà sample tí ilé iṣẹ́ Spectrasonics ṣe, gba bíi 77 GB lóòótọ́, àmọ́ oríṣi kíbọ́ọ̀dù 36 ló wà nínú ẹ̀.

Nǹkan míì tún wà tó ń fi sample ṣòfò. Kíbọ́ọ̀dù kan lè wà tó jẹ́ pé bó ti wù kẹ́ ẹ gbá a tó, kò ní kọjá 95, a jẹ́ pé gbogbo sample tí wọ́n fi sí 96 dé 127 ò ní dún láéláé, ẹ ti sanwó ẹ̀ o. Velocity curve, ìyẹn ibi tẹ́ ẹ ti lè yí bí nọ́ńbà ṣe ń tẹ̀ lé ìka, ló ń tún ìyẹn ṣe, ó máa ń wà nínú sẹ́tìǹgì, kó tó di pé èèyàn ní píánò kan ò dáa kó kọ́kọ́ débẹ̀.

Pẹ́dà ló ń tú àṣírí. Nínú píánò gidi, tí ẹsẹ̀ bá tẹ pẹ́dà, gbogbo okùn, tó lé ní 200, ló máa gba òmìnira, kí ọ̀kan dún báyìí, àwọn yòókù á máa gbọ̀n tẹ̀ lé e. Fọ́tò pásípọ́ọ̀tù èèyàn mẹ́wàá tí wọ́n lẹ̀ mọ́ra ò lè dà bíi fọ́tò mọ̀lẹ́bí, torí nínú ti mọ̀lẹ́bí, ẹnì kan fara ti ẹnì kan, òjìji ẹnì kan bọ́ sára ẹlòmíì. Àwọn tó mọṣẹ́ máa ń tẹ pẹ́dà mọ́lẹ̀ kí wọ́n tún gbogbo ẹ̀ gbà sílẹ̀, tàbí kí wọ́n fi ìṣirò kún un.

Ọ̀nà kejì ò ya fọ́tò rárá. Pianoteq, tí Modartt ní Faransé gbé jáde ní 2006, ń ṣírò bí òòlù ṣe kan okùn, bí okùn ṣe gbọ̀n, bí pátákó ṣe gbé e jáde, lójú ẹsẹ̀ tẹ́ ẹ ń tẹ̀ ẹ́ yẹn. Philippe Guillaume tó wà nídìí ẹ̀ ti ń tún píánò ṣe kó tó di onímọ̀ ìṣirò, ó sì hàn. Gbogbo ẹ̀ ò ju bíi 50 MB lọ, kò sì sí pé ó ń fò láti ìpele kan sí òmíì. Àwọn kan ní ohùn ẹ̀ mọ́ jù, òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀, sample ló máa ń gbé afẹ́fẹ́ inú yàrá wá. Síbẹ̀ fún ẹni tó ń kọ́ píánò lójoojúmọ́, òun ló yẹ kó kọ́kọ́ gbìyànjú, torí ó ń dá ìka lóhùn.

Ẹni tó ń kọ́ṣẹ́ náà gbọ́dọ̀ ṣọ́ buffer, ìyẹn ìwọ̀n ohùn tí kọ̀ǹpútà máa ń kó jọ kó tó gbé e jáde. 128 ní 44.1 kHz jẹ́ bíi mílísẹ́kọ́ǹdù 3, kò sẹ́ni tó máa mọ̀ ọ́n, 1024 jẹ́ 23, ìka á ti lọ kí ohùn tó dé. Headphone Bluetooth sábà máa ń fi ohun tó lé ní 100 kún un, kò ṣeé fi kọ́ píánò, headphone tó ní wáyà ni kẹ́ ẹ lò.

Ti ẹni tó ń ṣe orin jáde yàtọ̀. Píánò ńlá tó gbòòrò láti òsì dé ọ̀tún, tí ìró gbọ̀ngán ti wà lára ẹ̀, máa ń dùn tó bá dá wà, tí báàsì àti olórin bá dé, á kàn dí ọ̀nà mọ́ wọn ni. Píánò kékeré tí máìkì sún mọ́, tẹ́ ẹ gé ìsàlẹ̀ ẹ̀ kúrò, ló máa ń jókòó dáadáa.

Pianoteq ní dẹ́mò, àwọn kíì kan ò ní dún nínú ẹ̀, ó sì máa ń dá dúró lẹ́yìn 20 ìṣẹ́jú, àmọ́ ó tó. Ẹ tẹ nóòtì kan ṣoṣo láti ibi tó rọ̀ jù dé ibi tó le jù, díẹ̀díẹ̀, kẹ́ ẹ tún un ṣe pẹ̀lú pẹ́dà, ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ náà sí èyí tó ní 70 GB, kẹ́ ẹ fetí sí èyí tó bá ń fò.