Kí ni EINTR? Àlàyé lórí ìpè tí sínàlì já láàárín

Oorun ló pọ̀ jù nínú iṣẹ́ púrógíráàmù tó ń gba àtẹ̀jíṣẹ́. Ó pe recv, kò tíì sí nǹkan kan lórí ìlà, kernel (ọkàn operating system) sì ní kó sùn títí nǹkan yóò fi dé. Irú ìpè bẹ́ẹ̀, tí púrógíráàmù fi ń bẹ kernel níṣẹ́, là ń pè ní system call. Sínàlì, ìyẹn ìfitónilétí tí kernel ń fi ránṣẹ́ sí púrógíráàmù, kì í dúró ní tirẹ̀ kí àyè yọ kó tó dé: ẹnì kan tẹ Ctrl-C, SIGINT ti wọlé.

Bí sínàlì bá bá púrógíráàmù lójú oorun, kernel á jí i, handler (kóòdù tí a kọ láti dá sínàlì lóhùn) á ṣiṣẹ́, ìpè tó wà nílẹ̀ á sì mú -1 bọ̀. Ẹ wo errno, níbi tí àmì àṣìṣe máa ń wà, EINTR lẹ ó bá níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ a máa rò pé nǹkan ti bàjẹ́, wọ́n á sì pa socket (ẹnu ọ̀nà tí àtẹ̀jíṣẹ́ ń gbà wọlé) dé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pa á dé. Nínú ZeroMQ, tó jẹ́ láíbìrì ìfiránṣẹ́, ohun tí EINTR látọ̀dọ̀ zmq_msg_recv ń sọ ni pé sínàlì ṣáájú àtẹ̀jíṣẹ́ dé. Ìkankan ò sọnù.

Ṣé kí láíbìrì wá tún ìpè náà pè fúnra rẹ̀? Mo ti ṣe bẹ́ẹ̀ rí, mo sì jìyà ẹ̀. Handler mi sọ `duro`, àmì tó ń sọ pé kí púrógíráàmù dúró, di 1, ó padà. Kò yẹ kó ṣe ohun púpọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí printf àti malloc léwu nínú handler. Ṣùgbọ́n kóòdù mi ti tún recv pè, ó ti padà sùn, kò sẹ́ni tó yẹ `duro` wò. Mo tẹ Ctrl-C títí ó sú mi, mo wá fi kill -9 pa á tipátipá. Àwọn àtẹ̀jíṣẹ́ tó ṣì wà lórí ìlà bá a lọ.

Ìdí nìyẹn tí ZeroMQ fi ń gbé EINTR lé ẹni tó pè é lọ́wọ́:

while (!duro) {
  rc = zmq_msg_recv(&msg, sock, 0);
  if (rc == -1 && errno == EINTR) continue;
  /* lo msg */
}

`continue` yẹn ló ń dá wa padà síbi tí a ti ń yẹ `duro` wò.

Àlàfo kékeré kan ṣì kù: bí sínàlì bá dé lẹ́yìn tí a yẹ `duro` wò tán, kí recv tó sùn ńkọ́? Handler ti ṣiṣẹ́ lọ, kò sì sí oorun tó máa já. Ohun tó ń dí àlàfo yìí ni pipe, ọ̀nà tí a ń kọ nǹkan sí lápá kan, tí a sì ń kà á lápá kejì: kí handler kọ báìtì kan sínú rẹ̀, kí zmq_poll máa ṣọ́ pipe àti socket pọ̀. Báìtì yẹn kò ní kúrò níbẹ̀ títí a ó fi kà á.

Àwọn kan á ní kí a fi àmì tó ń jẹ́ SA_RESTART sí handler, kí kernel máa tún ìpè bẹ̀rẹ̀ fúnra rẹ̀. Lóòótọ́ ó ń ran read lọ́wọ́, ṣùgbọ́n lórí Linux kò kan poll, select àti epoll_wait, àwọn ìpè tó ń ṣọ́ ìlà púpọ̀ pọ̀, rárá, bẹ́ẹ̀ orí irú wọn ni láíbìrì ìfiránṣẹ́ ń sùn sí. Python 3.5 (2015) máa ń tún ìpè pè fúnra rẹ̀, àfi bí handler bá ju exception (ìkéde àṣìṣe).

Bí ẹ bá ń tún poll tó ní gbèdéke àkókò pè, ẹ yọ àkókò tó ti lọ kúrò nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ má tún close, ìpè tó ń pa fáìlì dé, pè lórí Linux: nọ́ńbà fáìlì yẹn ti ṣófo, thread mìíràn (ẹ̀ka iṣẹ́ mìíràn nínú púrógíráàmù kan náà) lè ti gbà á, fáìlì tirẹ̀ lẹ ó sì pa dé.