Òkúta Àró, Bar Beach àti Tarkwa Bay: bí ìdílé wa ṣe di ará etíkun

Òkúta Abẹ́òkúta ló sọ etíkun Èkó di bó ṣe dà. Ọ̀rọ̀ yìí máa ń ya àwọn ọmọ ilé wa lẹ́nu, nítorí ohun tí wọ́n ń gbọ́ lẹ́nu àwa àgbà nípa Bar Beach kò ju ẹṣin gígùn, súyà àti iyanrìn inú bàtà lọ.

Láyé àtijọ́, ọ̀sà ni ará Èkó ń bá ṣe jù, kì í ṣe òkun. Ọ̀sà ni wọ́n ti ń pẹja, òun náà ni wọ́n ń tukọ̀ gbà dé Ẹ̀pẹ́, Ìkòròdú àti Àgbádárìgì. Ibi tí ọ̀sà ti ń pàdé òkun léwu. Òkìtì iyanrìn wà lábẹ́ omi níbẹ̀, ìgbì sì ń fọ́ lé e lórí tọ̀sán-tòru. Ọkọ̀ òkun ńlá kò lè kọjá. Forcados, èbúté kan ní agbègbè Niger Delta, ni ẹrù Èkó ti ń sọ̀ kalẹ̀, kí ọkọ̀ kékeré tó máa kó o padà bọ̀. Ẹ wo ọ̀nà jíjìn tí ẹrù ń rìn kó tó dé Marina!

Ní 1908 ni ìjọba amúnisìn bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ògiri òkúta wọ inú òkun ní apá méjèèjì ẹnu omi náà, kí omi ọ̀sà tó ń jáde lè rí ọ̀nà tóóró gbà, kó sì fi agbára gbá iyanrìn lọ. Nígbà tó fi máa di 1912, iṣẹ́ ti jìnnà. Àró lẹ́gbẹ̀ẹ́ Abẹ́òkúta ni wọ́n ti ń fọ́ òkúta, reluwé ló sì ń kó o wá.

Iyanrìn etí òkun wa kì í dúró sójú kan. Ìgbì ń tì í láti ìwọ̀-oòrùn lọ sí ìlà-oòrùn láìsinmi. Bí ògiri ṣe dí i lọ́nà, ó ń kó jọ sí apá ìwọ̀-oòrùn, níbi tí etíkun Lighthouse ti ń fẹ̀ sí i. Tarkwa Bay wà lábẹ́ ààbò ògiri náà, omi ibẹ̀ rọ̀ débi pé ọmọdé lè wẹ̀. Bar Beach tó wà lápá kejì kò rí iyanrìn gbà mọ́. Nígbà tó fi di 1959, ilẹ̀ tí òkun ti gbà níbẹ̀ lé ní kìlómítà kan. Ìjọba fa iyanrìn dà sí i, òkun tún kó o lọ, wọ́n tún dà á. Gbogbo ọdún tí a fi ń ṣe fàájì níbẹ̀, ilẹ̀ ń lọ lábẹ́ ẹsẹ̀ wa ni.

Àwọn fọ́tò ilé wa jẹ́rìí sí i. Nínú èyí tí ìyá mi yà nígbà tó wà ní ọ̀dọ́, òun àti àwọn àbúrò rẹ̀ dúró, iyanrìn pọ̀ lẹ́yìn wọn, omi sì jìnnà. Nínú tèmi, ìgbì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ẹsẹ̀ wa, bẹ́ẹ̀ a kò kúrò nítòsí títì. Ọjọ́ Ajé Àjíǹde àti ọjọ́ kejì Kérésìmesì ni a máa ń lọ, pẹ̀lú ráìsì àti dòdò nínú kúlà. Àwọn ọmọ Hausa a fa ẹṣin wá, oníṣẹ́ fọ́tò a máa tẹ̀ lé wa kiri. Àwọn aláṣọ funfun, ọmọ ìjọ Kérúbù àti Séráfù tàbí Sẹ̀lẹ́, a tan àbẹ́là sórí iyanrìn, wọn a máa gbàdúrà. Ìyá àgbà kì í jẹ́ kí a kọ ẹ̀yìn sí òkun. Ó ní ìgbì kì í kan ilẹ̀kùn. Òótọ́ ló sọ, nítorí omi ibẹ̀ gbé ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ.

Nígbà kan, bàbá mi kọ̀, kò mú ẹnikẹ́ni lọ. Ní 1971 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í yìnbọn pa àwọn adigunjalè níbẹ̀ lójú gbogbo ayé. Ní ọjọ́ 8 oṣù Kẹsàn-án ọdún náà, ó kan Ishola Oyenusi. Èrò rọ́ lọ wò ó. Bàbá mi ní ibi tí ọmọ òun ti ń jẹ súyà kò gbọdọ̀ jẹ́ ibi tí wọ́n ti ń pa ènìyàn, mo sì gbà pẹ̀lú rẹ̀ títí dòní.

Eko Atlantic, ìlú tuntun tí wọ́n ń kọ́ sórí iyanrìn tí wọ́n dà sínú òkun, ti bo ilẹ̀ Bar Beach báyìí, ògiri tuntun sì dojú kọ òkun. Tarkwa Bay ṣì wà, ọkọ̀ ojú omi ni a ń wọ̀ débẹ̀. Ó dùn mí púpọ̀ pé ní oṣù Kìíní 2020, àwọn sójà ojú omi lé àwọn ará ibẹ̀ kúrò nílé wọn. Àwọn ni wọ́n ń fi ọkọ̀ gbé èrò, wọ́n ń dín ẹja, wọ́n sì ń kọ́ ọmọ wa bí a ṣe ń lúwẹ̀ẹ́.

Ìlà-oòrùn ògiri tuntun yẹn ni Òkun Alfa wà. Òkun ń gba ilé àwọn ará abúlé náà, wọ́n sì ń ké pé ògiri náà ló fà á. Ẹ̀yin tí ẹ bá ní fọ́tò etíkun ìgbà náà, yálà ti Bar Beach tàbí ti Òkun Alfa, ẹ jọ̀wọ́, ẹ kọ ọdún tí ẹ yà á àti ibi tí ẹ dúró sí sẹ́yìn rẹ̀, kí àwọn tó ń bá ìjọba jà lórí ilẹ̀ wọn lè rí ohun fi hàn.