Ọdún mẹ́rin nídìí fúláwà: ṣé òṣìṣẹ́ ni mí àbí alágbàṣe?

Àbúrò mi kan ń po fúláwà ní ilé búrẹ́dì ní Sábó, l'Ógbómọ̀ṣọ́. Iye àpò tí wọ́n bá pò lójúmọ́ ni ọ̀gá ń fi bírò kọ sínú ìwé pélébé kan tí fúláwà ti bo ẹ̀yìn rẹ̀; òun ni wọ́n fi ń sanwó lálẹ́ Sátidé. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó wà ní Netherlands ń ṣiṣẹ́ ọjọ́ mẹ́ta péré lọ́sẹ̀, síbẹ̀ ó níwèé àdéhùn iṣẹ́, ó sì ń gbowó ìsinmi.

Ẹ̀gbọ́n, ta ni òṣìṣẹ́ gidi nínú àwa méjèèjì?

Ẹ̀yin méjèèjì ni. Àjọ ILO, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ iṣẹ́, ka iṣẹ́ onígbà díẹ̀, iṣẹ́ tí wákàtí rẹ̀ kò kún, àti iṣẹ́ tí alágbàtà wà láàárín mọ́ iṣẹ́ tí kò rí bí iṣẹ́ títí lọ oníwákàtí kíkún. Wọ́n tún ka tẹni tí wọ́n ní ó dá dúró, àmọ́ tó jẹ́ pé ọ̀gá kan ló ń darí rẹ̀.

Kí ló wá mú kí tiwọn dára ju tèmi lọ?

Òfin ni. Ní Netherlands, láti 1996 ni òfin ti ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fi wákàtí kékeré fi ẹ̀tọ́ du òṣìṣẹ́. Wákàtí lè dín, owó á sì dín bá a, ẹ̀tọ́ ò lọ síbì kan. Ní Kòríà Gúúsù, ẹni tó bá ti ju ọdún méjì lọ lẹ́nu iṣẹ́ onígbà díẹ̀ ti di òṣìṣẹ́ títí lọ, yàtọ̀ sí àwọn díẹ̀ tí òfin yọ sílẹ̀. Ní Japan, tó bá ti ju ọdún márùn-ún lọ, òṣìṣẹ́ lè béèrè fún un.

Ṣé òfin tiwa ò mọ̀ mí ni?

Ó mọ̀ ọ́. Òfin Iṣẹ́ Nàìjíríà ka àdéhùn ẹnu lásán sí àdéhùn. Abala 7 rẹ̀ ní kí ọ̀gá fún òṣìṣẹ́ ní ìwé láàárín oṣù mẹ́ta, kí ó sì kọ iye owó àti bí wọ́n ṣe ń ṣírò rẹ̀ sínú ìwé náà. Ọdún mẹ́rin rèé, ìwé ò tíì dé ọwọ́ rẹ.

Ibi tó dùn mí jù nìyí: owó oṣù tó kéré jù, ₦70,000 láti 2024, kò kan ẹni tí wọ́n ń fi iye iṣẹ́ tó ṣe sanwó fún, kò sì kan ilé iṣẹ́ tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ kò tó 25. Àpò tí ọ̀gá ń kà yẹn gan-an ló yọ ọ́ kúrò.

Béèrè ìwé rẹ. Ra ìwé pélébé tìrẹ náà, kí o máa kọ iye àpò àti déètì sí i, láti Mọ́ńdè tó ń bọ̀.